Ojúde Ni Ilé Ìlú: Àgbéyẹ̀wò Gbọ̀ngàn Màpó àti Gbàgede Ọjà'ba ní Ìbàdàn

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gbéra láti Òjé, tí ó gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sí Ọjà'ba, yóò ti rí ilé kan lókèèrè kí ó tó dé ibẹ̀. Ilé náà dá dúró lórí òkè. Òpó ńláńlá ni a tò sí iwájú rẹ̀, páànù àwọn agbo ilé tí ìpẹtà ti mú kí ó pọ́n bí osùn sì yí òkè náà ká nísàlẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó ni ilé náà. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí àlejò tí ó wá ṣe ìbẹ̀wò sí Ìbàdàn àtijọ́ tí a kì í mú dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa gbọ̀ngàn yìí gẹ́gẹ́ bí ilé ìjọba àwọn òyìnbó. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ díẹ̀. A fẹ́ wo ilé náà pọ̀ mọ́ gbàgede tí ó wà níwájú rẹ̀ àti ọjà tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè, kí a lè wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ó sọ ilé tí àjèjì kọ́ láti fi agbára rẹ̀ hàn di ibi tí Ìbàdàn ti ń fi ọba rẹ̀ jẹ? Èrò wa ni pé ojúde ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe òpó. Bí èrò yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń tún gbọ̀ngàn náà ṣe, tí ó sì jẹ́ kí ojúde rẹ̀ bàjẹ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ààfin àti Ọjà nínú Ètò Ìlú Yorùbá

Kí a tó dé orí Màpó, ó yẹ kí a rántí bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń to ìlú. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú aládé ní ilẹ̀ Yorùbá, ààfin ni oókan àyà ìlú. Ọjà ọba kì í jìnnà sí i, ojúde gbalasa a máa wà láàrin méjèèjì, ọ̀nà tí ó ti àdúgbò gbogbo wá a sì máa já sí ibẹ̀. Bí ó ti rí ní Ilé-Ifẹ̀ nìyẹn, níbi tí Ẹnuwá ti wà níwájú ààfin Ọọ̀ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ọ̀yọ́, níbi tí ọjà Akẹ̀sán ti wà níwájú ààfin Aláàfin.

Ìdí tí ètò náà fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ojúde ni a ti ń jó ijó ọdún. Ibẹ̀ ni egúngún ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni akéde ti ń kéde, ibẹ̀ sì ni ẹni tí a rẹ́ jẹ ti ń ké gbàjarè sí ọba. Ọjà ní tirẹ̀ ń kó ènìyàn jọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nítorí náà, ohun tí ará ìlú bá ń sọ lẹ́nu kì í pẹ́ dé etí ọba tí ààfin rẹ̀ kọjú sí ọjà. Ohun mẹ́ta ni a rí dì mú nínú àlàyé yìí: ilé àṣẹ, ojúde, àti ọjà. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni a ó máa pè ní àárín ìlú nínú iṣẹ́ yìí.

Ìbàdàn, Ìlú Tí Kò Fi Ààfin Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà mìíràn ni Ìbàdàn gbà ní àárín ìlú tirẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé Lágelú ni ó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, àti pé nígbà tí ogun tú ìlú náà ká, orí òkè ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá sí, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín. Títí di òní ni a ń bọ Òkè'bàdàn lọ́dọọdún láti fi rántí ààbò tí òkè fún wọn. A ó rí i pé òkè ti jẹ́ ilé fún ará Ìbàdàn kí òyìnbó tó gbọ́ orúkọ Màpó rárá.

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá kan, ni wọ́n jọ dó síbẹ̀. Máyẹ̀ tí ó jẹ́ olórí ogun àwọn Ifẹ̀, àti Lábósìndé, dó sí àyíká ọjà tí ó wà láàrin ìlú, orúkọ Lábósìndé ni a sì kọ́kọ́ fi ń pe ọjà náà. Nígbà tí Olúyọ̀lé di alágbára ìlú, tí ó sì gba oyè Ibaṣọ̀run, ọjà náà di Ọjà Ìba, èyí tí ẹnu àwọn ènìyàn sọ di Ọjà'ba. Olúyọ̀lé papò dà ní ọdún 1847, ṣùgbọ́n orúkọ oyè rẹ̀ kò kúrò lára ọjà náà.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn àdúgbò mìíràn. Délésolú dó sí Òjé, ọjà Òjé tí a mọ̀ káàkiri fún aṣọ òkè sì gbilẹ̀ ní sàkáání agbo ilé rẹ̀. Balógun Ibíkúnlé wà ní Ayéyé, ọjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ológun kọ̀ọ̀kan ni ó ní agbo ilé tirẹ̀, ojúde tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń péjọ, àti ọjà tí ó ń bọ́ wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, ìlú kéékèèké ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nínú ìlú ńlá.

Ní Ìbàdàn, oyè kò pọn sí ìdílé kan ṣoṣo. Láti orí àkàsọ̀ oyè ni ènìyàn ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, yálà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, títí yóò fi kàn án. Nítorí èyí, láyé àtijọ́, ilé ẹni tí ó bá wà lórí oyè ni ó máa ń di ààfin. Bí ó bá wàjà, ààfin a tún ṣí lọ sí ilé ẹlòmíràn. Nígbà náà, ìlú ní ọjà, ó ní ojúde, ṣùgbọ́n kò ní ilé àṣẹ tí kì í ṣípò. Àlàfo yìí ni ó fi Ìbàdàn hàn yàtọ̀ sí Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́, òun náà sì ni Màpó wá dí láìròtẹ́lẹ̀.

Bí A Ṣe Kọ́ Gbọ̀ngàn Màpó

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1893 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí Ọ̀gágun Robert Lister Bower sì di ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Ilé ìṣọ́ gogoro tí ó wà lórí Òkè Ààrẹ, tí a kọ́ ní ọdún 1936, ni a fi ń rántí rẹ̀. Ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Láti ìgbà náà ni ìṣàkóso àwọn òyìnbó ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ síi.

Ọdún 1925 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ọdún náà ni wọ́n yọ Baálẹ̀ Ṣítù, ọmọ Ààrẹ Látòóṣà, kúrò lórí oyè, tí Oyèwọlé sì jẹ Baálẹ̀ dípò rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ọ̀gágun W. A. Ross, tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àgbà fún Ẹkùn Ọ̀yọ́, fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn lélẹ̀ lórí òkè Màpó. Ẹnjiníà Robert Jones, tí a mọ̀ sí Taffy Jones, ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 1929, Gómìnà Nàìjíríà ìgbà náà, Sir Graeme Thomson, ṣí gbọ̀ngàn náà.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ipò tí Ìbàdàn wà ní àkókò yìí. Abẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ìjọba òyìnbó fi í sí, Ross fúnra rẹ̀ sì jẹ́ alátìlẹ́yìn pàtàkì fún Aláàfin Ládìgbòlù. Ìlú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ olórí rẹ̀, tí a sì fi sí abẹ́ ìlú mìíràn, ni a kọ́ ilé tí ó ga jù lọ fún. Lójú tiwa, kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Ilé náà ń sọ fún ẹni tí ó bá ń nájà nísàlẹ̀ pé àṣẹ ti kúrò nílé Baálẹ̀, ó ti gun orí òkè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yí padà kíákíá. Ní ọdún 1934, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí a ṣí gbọ̀ngàn, Ìbàdàn kúrò ní abẹ́ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1936, lásìkò Okùnọlá Abbas Alésinlóyè, oyè Baálẹ̀ yí padà di Olúbàdàn. Ilé tí a kọ́ nígbà tí ìlú wà lábẹ́ ẹlòmíràn di ilé ìlú tí ó dá dúró.

Ilé Náà Fúnra Rẹ̀

Irú ilé tí Màpó jẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ àwọn ilé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwòkọ́ṣe ilé òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ ni: àtẹ̀gùn tí ó mú ènìyàn gòkè, òpó gàgàrà tí ó tò ní iwájú, àti gbọ̀ngàn ńlá kan lẹ́yìn wọn. Irú ilé báyìí ni àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa kọ́ fún ìjókòó ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ wọn, wọ́n sì gbé e dé ibi tí wọ́n bá ti ń ṣàkóso.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a rò pé ará Ìbàdàn kò rí nǹkan tí ó jọ tiwọn nínú rẹ̀. Nínú ìmọ̀ ilé kíkọ́ Yorùbá, kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ń ní kọ̀bì. Kọ̀bì ni àbáwọlé tí ó yọ síwájú, tí òpó gbé orí rẹ̀ dúró, ilé ọba àti ilé àwọn ìjòyè ńlá ni ó sì tọ́ sí. Ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà aláṣẹ ni òun dé. Bí a bá fi ojú yìí wo iwájú Màpó, kọ̀bì gíga kan ni ó jọ. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún àgbà Ìbàdàn pé ilé àṣẹ ni.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Òpó ààfin ní ilẹ̀ wa a máa sọ̀rọ̀. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì láàrin ọdún 1910 sí 1914. Nínú ọ̀kan lára wọn, ọba jókòó, olorì sì dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wò ó yóò mọ ibi tí agbára ọba ti ń wá. Òpó Màpó kò ní àwòrán kankan lára. Kò dárúkọ ọba kan, kò sì yin ìdílé kan. Nínú ìlú tí oyè kì í dúró sí ojú kan, bóyá ohun tí ó mú kí ilé náà rọrùn láti gbà nìyẹn. Òpó tí kò yin ẹnikẹ́ni ni gbogbo ìdílé lè dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun Tí Ìlú Fi Gbàgede Náà Ṣe

Ilé ni òyìnbó kọ́, ìlú ni ó sọ ojúde rẹ̀ di ohun tí ó dà. A ó mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀.

Èkíní ni ti òṣèlú. Ní ọdún 1954, Adégòkè Adélabú di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí ó mọ ìwúlò Màpó tó o. Àwọn mẹ̀kúnnù, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ ni agbára rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kan náà ni ó sì kún agbo ilé ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, ìlú gbóná janjan. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò kàwé fi mọ̀ pé ilé tí ó wà lórí òkè lè gbọ́ ohùn àwọn.

Èkejì ni ti Àgbẹ̀kọ̀yà. Ní òpin ọdún 1968, owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn ní àkókò tí kòkó kò mú owó gidi wọlé fún wọn. Wọ́n ní ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn lè san. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba gbọ́, òkè Màpó ni wọ́n wọ́ lọ. Ìjà náà le, ẹ̀mí ṣòfò káàkiri ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà, ó sì di ọdún 1969 kí ìjọba tó dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti yin rògbòdìyàn. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé àwọn àgbẹ̀ tí ó ti abúlé wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ibi tí a ti ń ké sí ìjọba. Bí baba wọn ṣe ń lọ sí ojúde ọba ni àwọn náà ṣe gba ojúde Màpó lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwúyè. Bí Olúbàdàn tuntun bá fẹ́ jẹ, kì í kàn gun orí òkè lọ ní tààrà. Ọ̀ṣẹ́ Méjì, ní agbo ilé Lábósìndé ní Ọjà'ba, ni ó ti kọ́kọ́ ń ṣe ètùtù tí ó yẹ. Láti ibẹ̀ ni yóò wá gòkè lọ sí gbọ̀ngàn, níbi tí ìjọba àti gbogbo ayé yóò ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Ọba Lékan Balógun ní oṣù Kẹta ọdún 2022, fún Ọba Owólabí Ọlákùléhìn ní oṣù Keje ọdún 2024, àti fún Ọba Ráṣídì Ládọ̀jà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ìrìn kúkúrú láti ẹsẹ̀ òkè dé orí òkè yìí ni ó so ìbùdó ogun ọdún 1829 pọ̀ mọ́ ilé ọdún 1929. Bí a bá yọ Ọjà'ba kúrò nínú rẹ̀, ayẹyẹ ìjọba lásán ni ó kù.

Kódà nígbà tí ìlú kò fohùn ṣọ̀kan, Màpó kan náà ni a ń lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ibẹ̀ ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fún àwọn ìjòyè àgbà àti àwọn baálẹ̀ kan ní adé, mọ́kànlélógún lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀, ó sì dé ilé ẹjọ́. Ẹni tí ó fẹ́ yí àṣà padà àti ẹni tí ó fẹ́ dá a dúró ni wọ́n jọ mọ̀ pé ohun tí a kò bá ṣe ní Màpó, ojú ìlú kò tíì rí i.

Àfiwé Kan láti Òkèèrè

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ilé àṣẹ ti wà lórí òkè tí ọjà wà nísàlẹ̀. Ní ìlú Róòmù, òkè kan wà tí a ń pè ní Campidoglio. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbàgede tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà, tí ó sì di ibi tí a ti ń ṣe ìdájọ́, tí a ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìlú. Lẹ́yìn ọdún 1536 ni Michelangelo ya àwòrán bí a ó ṣe tún orí òkè náà ṣe. Ohun tí ó wuni nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé. Gbàgede ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ èrò rẹ̀: ó wọn ilẹ̀ náà, ó ṣètò ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà gòkè, ó sì mú kí àwọn ilé tò yí i ká. Ó kú ní ọdún 1564 kí iṣẹ́ náà tó parí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e kò pa èrò rẹ̀ tì. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àyè tí ó ṣófo láàrin ilé kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù. Òun gan-an ni iṣẹ́.

Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀ àti Ìmọ̀ràn Wa

Láti ọdún 1991 tí a ti pín Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún láàrin ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà Oòrùn Ìbàdàn ni ó fi Màpó ṣe ibùjókòó. Àwọn ènìyàn ń háyà gbọ̀ngàn náà fún ìgbéyàwó àti ìpàdé, kóòtù ìbílẹ̀ sì wà ní Màpó pẹ̀lú. Gbogbo èyí dára, nítorí ilé tí a kò lò kì í pẹ́ wó. Ìṣòro tí a rí ni pé bí a bá sọ pé a fẹ́ tọ́jú Màpó, ọ̀dà àti òrùlé ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ojúde kò ní òrùlé, nítorí náà kì í tètè wọ inú ìwé ètò ìnáwó. Ọkọ̀ gba apá kan, àtẹ gba apá kan, ilé tuntun sì ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí àyè bá ti fún pọ̀, ìpéjọ a di ìdíwọ́ ọ̀nà.

Àwọn kan lè sọ pé kí a kó ọjà kúrò kí àyè lè gbòòrò. A kò fara mọ́ èyí. Ọjà'ba ṣáájú Màpó, àwọn ìyá tí ń ta ewé àti egbò níbẹ̀, àwọn lẹ́kùlẹ́jà àti oníigbá, ni wọ́n ń mú kí ìlú máa wá sí àárín ìlú lójoojúmọ́. Bí a bá lé wọn, òkè yóò dákẹ́ títí di ọjọ́ tí ọba mìíràn yóò tún jẹ.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí a ya àwòrán ilẹ̀ gbọ̀ngàn, ojúde, Ọ̀ṣẹ́ Méjì, mọ́ṣáláṣí àgbà àti Ọjà'ba pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi kan ṣoṣo, kí òfin sì dáàbò bò wọ́n pọ̀. Èkejì, kí a ṣètò omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọjà níbi tí kò ti ní jẹ ojúde run. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ gba ìtàn agbo ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, nítorí pé bí àgbà kan bá ti lọ, ìtàn ojúde kan lè bá a lọ.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ilé àṣẹ, ojúde àti ọjà ni ó ń para pọ̀ di àárín ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá. A rí i pé Ìbàdàn ní méjì nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ilé tí òyìnbó kọ́ fún àǹfààní ara rẹ̀ ni ìlú gbà tí ó fi ṣe ẹ̀kẹta. Olóṣèlú, àgbẹ̀ àti ọba ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ gbàgede náà títí ó fi di tiwọn. Òpó Màpó ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì lè tó ọgọ́rùn-ún mìíràn bí a bá ń kùn wọ́n lọ́dà. Ojúde kò ní ẹni tí yóò kùn ún. Ìgbà tí a bá fi àyè sílẹ̀ fún ènìyàn láti dúró sí nìkan ni ó ń wà.